Ọ̀nà tí Bàbá Mi Ti Tún Ìrìn Kọ́

Ọdún tí wọ́n parí ọ̀nà tuntun tó gba iwájú ilé wa kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi. Ilé wa kò jìnnà sí Dopemu, níhà Agége. Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ ọ, àwọn ayálégbé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi ṣe àlùwàlá tán, wọ́n fẹ́ dìde lórí àpótí, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ìyá mi rò pé òòyì ló kọ́ wọn. Ìgbà tí ìyá mi sún mọ́ ìdí àpótí ni wọ́n tó rí i pé ẹnu bàbá ti wọ́ sápá kan, itọ́ sì ń dà sára aṣọ.

Èmi náà ti padà sílé nígbà yẹn. Ìgbéyàwó mi ti tú ká, n kò bímọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan n'Ìkẹjà tí a ti ń ṣe ìdérí ìgò. Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fún mi, nítorí náà ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti rìn jìnnà, orí fóònù la ti ń gbóhùn wọn. Báyìí ni ìtọ́jú bàbá mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ èmi àti ìyá mi.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ ni bàbá mi títí tí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn láti Agége lọ sí Ìkẹjà, lọ àti bọ̀, lójoojúmọ́. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, tí fèrè iléeṣẹ́ bá ti dún nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ á bo títì, aago wọn á máa dún bí ìgbà tí ṣíbí ń já bọ́ sínú àwo. Nígbà tó yá, ọkọ̀ pọ̀, tírélà pọ̀, ọ̀kan sì gbá ọ̀rẹ́ wọn sínú gọ́tà tòun ti kẹ̀kẹ́. Ọ̀rẹ́ náà kò dìde mọ́. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ta kẹ̀kẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n wá ń fi rìn lọ síbi tí kò bá jìnnà jù, wọ́n á máa fo gọ́tà bí ọmọdé, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yẹn wá so mọ́ ibùsùn.

Ọ̀nà wa tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ìjọba parí rẹ̀, ó ṣàjèjì lójú wa. Wọ́n bo gọ́tà, wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ẹlẹ́sẹ̀, ó tẹ́jú bí ilẹ̀ mọ́sáláṣí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi ilà gígùn ya àyè tóóró kan sọ́tọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́, wọ́n fi ọ̀dà funfun ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ olórùlé sítòsí ilé wa, bọ́ọ̀sì ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbẹ̀, èyí tó ń ti Dopemu lọ, tó ń gba Ìkẹjà àti Onígbòǹgbò já sí Ìlúpéjú. Àwọn ará àdúgbò fi àwòrán kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó, àfi ẹni tí ilé ayé bá ti sú.

Lọ́jọ́ tí a ń gbé bàbá mi bọ̀ láti ọsibítù, wọn kò tíì lè sọ̀rọ̀ kó já geere. Mo gbé orí wọn lé èjìká mi nínú ọkọ̀. Bí a ṣe yà sí ọ̀nà wa, mo rí i tí ojú wọn ń tẹ̀ lé nǹkan kan nílẹ̀, tí ẹnu wọn ń gbọ̀n.

“Kẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dá ṣáká lẹ́nu wọn láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé nìyẹn. Ìyá mi tó jókòó síwájú bú sẹ́kún.

Ọsibítù kan n'Ìlúpéjú ni wọ́n ní kí a máa gbé wọn lọ fún físíò, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ tó rọ níṣẹ́ padà. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í parọ́. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí òun lè ṣe kò tó nǹkan bí bàbá kò bá ń rìn lójoojúmọ́ nílé. Ó bi mí bóyá a ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ládùúgbò wa. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun ni kò ní, pé inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń rìn yíká àga. Mo ní a ní in. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi to òkúta náà.

Bọ́ọ̀sì ńlá yẹn ló ń gbé wa lọ, òun náà ló ń gbé wa bọ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú òkúta ibùdókọ̀, bí awakọ̀ bá ti sún mọ́ etí rẹ̀ dáadáa. Bàbá mi á gbé ọ̀pá síwájú, wọ́n á wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, wọ́n á wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé bí ẹrù rí ló lè mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó. Ìdí fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù jáde, nítorí obìnrin físíò ti ní kí wọ́n máa lo ahọ́n wọn. Láti Ìkẹjà dé Onígbòǹgbò, wọ́n á máa ka ilé oògùn, ilé ìrun-dídì, ilé ìjọsìn, gbogbo rẹ̀ pátá, ní ohùn tó ń wọ́lẹ̀. Àwọn èrò á yíjú wò wá, wọ́n á sì gbójú kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí kò bá sí físíò, àwa méjèèjì á jáde kí oòrùn tó mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni a ń dé tí òógùn á ti bò wọ́n. Nígbà tó pẹ́, a dé ilé oògùn. Àwọn ará ọ̀nà mọ̀ wá. Télọ̀ á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, á kí wọn kú ìrìn. Àwọn tó jókòó á dìde. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, tó ń gbé igbá rẹ̀ kiri nígbà yẹn, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún wọn láti òkèèrè. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ níléeṣẹ́ kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú ilà funfun náà. Bí ó bá ti rí bàbá mi, á tẹ aago fún wọn, bàbá mi á gbé ọwọ́ òsì sókè. N kò mọ̀ bóyá wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ohun kan ni bàbá mi ń lé, wọn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Mo mọ̀ nítorí pé bí a bá dé ibi tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹjú mọ́ ṣóńṣó mọ́sáláṣí náà kí a tó yí padà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo gbàyè níbi iṣẹ́, ìyá mi lọ aṣọ funfun fún wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí n wà lẹ́yìn, kí n má di àwọn mú. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n tún ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó nídìí ibi àlùwàlá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì lọ gbé àga wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kún ẹnu bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo sùn pẹ̀lú ìrètí pé ó ku díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ̀pá nù. Ibi tó dé mọ nìyẹn.

Kò sí ẹni tó lé bàbá mi kúrò lórí òkúta yẹn. Bí ẹnì kan bá lé wọn ni, à bá mọ ẹni tí a ó bá jà. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé tábìlì kékeré síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè kiri mọ́. Bí a bá ti ń bọ̀, á fà á sẹ́yìn, á ní kí Bàbá má bínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń tún fóònù ṣe na agboòrùn síbẹ̀. Télọ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ síta nítorí èéfín. Wẹ́dà tó ń jó irin ṣe géètì fi èyí tó ti parí ti ògiri, kò pẹ́ tó fi ń jó èyí tí kò tíì parí lórí òkúta gan-an. Gbogbo wọn ló ń kí wa. Gbogbo wọn ló ń sún nǹkan fún wa, títí tí ibi tí wọ́n lè sún un sí fi tán.

Ní ti ilà kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ ń dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tírélà tó ń retí àyè láti wọ iléeṣẹ́ wá sọ ọ́ di ibùsùn wọn. Ìwúwo wọn fọ́ ìdérí gọ́tà. Agbálẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ padà sáàárín títì láàárín ọkọ̀, nígbà tó sì pẹ́, a kò rí i mọ́. Bàbá mi bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní bóyá ó ti kó kúrò ládùúgbò.

Ilé tiwa náà kò gbẹ́yìn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, àbúrò bàbá mi ló ń bójú tó ilé àti àwọn ayálégbé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ọkọ̀ gbé kọ̀ǹténà méjì wá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí òkúta iwájú ilé wa, wọ́n fi háyà fún àwọn tó ń ta ọ̀dà àti páìpù. Ìyá mi lọ bá wọn sọ ọ́. Èsì tí àbúrò bàbá mi fọ̀ ni pé bí àwọn kò bá gbé tàwọn síbẹ̀, ẹlòmíràn á gbé tirẹ̀ síbẹ̀, àti pé níbo ni owó oògùn ẹ̀gbọ́n àwọn ti ń wá. Òótọ́ sì ni. Ìyá mi padà wálé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, kí bàbá mi tó lè fi ẹsẹ̀ kan òkúta, wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí títì ná.

Bọ́ọ̀sì náà wá ń wọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn a ó dúró títí tí àsìkò tí wọ́n dá fún wa n'Ìlúpéjú á fi kọjá. Tírélà ti dí ibùdókọ̀, awakọ̀ kò lè sún mọ́ etí òkúta mọ́, àárín títì ló ti ń gbé èrò. Láti ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ga ju ẹsẹ̀ bàbá mi lọ, èmi àti èrò kan á wá gbé wọn wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà ni a gbọ́ pé bọ́ọ̀sì kò ní gba ọ̀nà wa mọ́ rárá. Òpópónà márosẹ̀ ni yóò máa gbà, ẹni tó bá ń lọ sí Ìlúpéjú á gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá lọ wọ̀ ọ́ ní òdìkejì.

Mo lọ bèèrè ní ibùdó àwọn oníbọ́ọ̀sì náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló dá mi lóhùn, kò sì fojú pa mí rẹ́. Ó ní ọ̀nà wa ń ba abẹ́ bọ́ọ̀sì jẹ́, pé awakọ̀ kì í rí àyè yí padà, pé èrò gan-an kò pọ̀ mọ́ nítorí kò sẹ́ni tó lè dúró dè é. Mo ṣàlàyé ti bàbá mi fún un. Ó ní ìyá òun náà kò lè gun afárá, ó ní òun á sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fi mọ̀ pé ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú mi.

A gbìyànjú afárá náà. Obìnrin físíò ti kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dára ni kó ṣáájú, bí wọ́n bá ń sọ̀, kí èyí tó rọ ṣáájú. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì di irin mú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn wọn. Àtẹ̀gùn náà ga, àwọn kan ti ya létí. Àwọn èrò ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn mìíràn ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàbá mi tí kì í jókòó sílẹ̀ níta rí. Mo tẹ́ ìborùn mi sábẹ́ wọn. Láti ibẹ̀ a ń wo bọ́ọ̀sì náà ní òdìkejì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń dúró de èrò. Ọkùnrin kan tó taagun dúró, ó ní kí n jẹ́ kí òun pọ̀n wọ́n sọdá. Bàbá mi mi orí. Ọkùnrin náà tún bẹ̀ wọ́n, ó ní bàbá òun náà ni wọ́n. Bàbá mi kò wo ojú rẹ̀. Èmi ni wọ́n wò.

“Dá mi padà sílé,” ni wọ́n wí.

Àtisọ̀ kalẹ̀ le ju àtigòkè lọ. Nígbà tí a fi délé, aṣọ wọn ti tutù, òógùn nìkan sì kọ́, ìyá mi sì yára bọ́ ọ lọ́rùn wọn kí àwọn ayálégbé tó rí i.

A gbìyànjú kẹ̀kẹ́ márúwá. A ní láti wọ̀ ọ́, kí a sọ̀, kí a tún wọ òmíràn, kí a sì tó dé, agbára tí wọn ì bá fi ṣe físíò ti tán lára wọn. Ká dá háyà ọkọ̀ ju apá wa lọ. Obìnrin físíò pè mí lórí fóònù nígbà tí kò rí wa mọ́. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó ní ó kéré tán, a ṣì ní ọ̀nà tó tẹ́jú níwájú ilé. Mo sọ ti ìyẹn náà fún un.

“Ẹ máa mú wọn rìn yíká pálọ̀, mà,” ló wí.

Kò pè mí mọ́. N kò dá a lẹ́bi.

Bàbá mi kò gbà láti fi mọ́sáláṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé ọ̀pá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ jáde. Mo tẹ̀ lé wọn. Etí títì la gbà, mo rìn ní ọwọ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, mo fi ara mi dí wọn. Níwájú ibi tí wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́, tírélà kan dúró, a ní láti yí i ká. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà kan ti yọ sí wa, ó ń gba ọwọ́ ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀. Ọ̀pá ló gbá. Ọ̀pá bọ́, bàbá mi ṣubú lé ẹ̀gbẹ́ tó rọ.

Eegun kò ṣẹ́. Ọlọ́kadà náà dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, òun àti wẹ́dà ló bá mi gbé wọn délé. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọsàn wá nínú ọ̀rá, ó jókòó ti ibùsùn. Ó ní tírélà yẹn kò jẹ́ kí òun rí iwájú. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n forí jì í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ọ̀pá wá láàárọ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Nígbà tó ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá tú ọ̀nà. Wọ́n kó katapílà wá láàárọ̀, wọ́n fọ́ tábìlì, wọ́n fa agboòrùn ya, wọ́n gbé kọ̀ǹténà lọ, tiwa náà. Obìnrin oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ láàárín búrẹ́dì rẹ̀ tó fọ́n káàkiri, ó ń sunkún, ohùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá bàbá mi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, òkúta náà tún hàn síta. Òmíràn ti fọ́, òmíràn ti dúdú fún epo, ṣùgbọ́n ó ṣeé rìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀pá tọ bàbá mi lọ. Mo ní ọ̀nà ti ṣófo, kí wọ́n jẹ́ ká tètè lọ kí àwọn èèyàn tó padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ń nira fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ibi tí wọ́n ti ń sunkún,” ni wọ́n wí, wọ́n sì mi orí.

Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọ̀pá jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ síbi iṣẹ́ láìdágbére. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, bí mo ṣe ń ṣa ìdérí ìgò tó dára kúrò lára èyí tó fọ́, mo ń bá wọn jiyàn nínú ọkàn mi, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi borí tiwọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tábìlì ti padà, agboòrùn ti padà. Kọ̀ǹténà àbúrò bàbá mi pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà padà.

Bàbá mi ṣì wà láàyè. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ká kò, òwú la fi ń sáàárín ìka kí èékánná má baà dá egbò sí wọn lọ́wọ́. Wọn kì í rìn yíká pálọ̀ mọ́. Orí ibùsùn dé orí àga ni, èmi àti ìyá mi la sì ń gbé wọn, ẹ̀yìn sì ti ń dun ìyá mi báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìpè ìrun ń dún wọlé kedere. Bàbá mi á kí tiwọn lórí àga, ojú nìkan ni wọ́n fi ń ṣe rúkúù. Wọn kì í dárúkọ mọ́sáláṣí mọ́.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà náà ṣe, pé ti ẹlẹ́sẹ̀ á fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́ọ̀sì á sì padà. Ọ̀kan nínú wọn fi àwòrán hàn wá. Igi wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn tó mọ́ tónítóní ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Télọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá mi fún wọn lómi mu. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi fi ojú bi mí ohun tí wọ́n ń ṣe níta. Mo ní wọ́n ń wọn ilẹ̀. Wọ́n dijú. Mo tún ìrọ̀rí wọn gbé, mo wọ bàtà, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ tírélà lọ síbi iṣẹ́.